Ta Ni Yóò Máa Ṣọ́ Òkè Inú Aṣálẹ̀? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Organ Mountains

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délẹ̀, tí olúkúlùkù dìde tí ó ní tòun ni kí ẹ gbọ́, àwọn àgbà a máa rán wa létí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn òkè tí ó yí ìlú Las Cruces ká ní ìpínlẹ̀ New Mexico, lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, nítòsí ibi tí ilẹ̀ wọn ti bá ti Mẹ́síkò pààlà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí ìkéde tí ó sọ nǹkan bí 496,000 éékà nínú àwọn òkè àti ijù wọ̀nyí di Organ Mountains–Desert Peaks National Monument, èyíinì ni ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún gbogbo ará ìlú, tí a kò gbọdọ̀ tà mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè gba ìwé tuntun láti wa kùsà nínú rẹ̀. Àwọn kan yọ̀ ní ọjọ́ náà, wọ́n ní ohun tí àwọn ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́ bọ́ sí i. Àwọn mìíràn fajú ro, wọ́n ní wọ́n gba oko lọ́wọ́ olóko láìbi í. Láàárín àwọn méjèèjì yìí ni oríṣiríṣi èrò wà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni ó sì ní ọgbọ́n nínú. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ ṣe ni kí ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, kí ó sì sọ ibi tí ó ti dúró gbọn-in àti ibi tí ó ti ń mì.

Irú Ilẹ̀ Tí À Ń Sọ Nípa Rẹ̀

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ sáré kọjá ní agbègbè yìí lè rò pé iyanrìn, òkúta àti igi ẹlẹ́gùn-ún nìkan ni ó wà níbẹ̀, nítorí pé òjò ọdún kan kì í sábà tó íǹṣì mẹ́wàá ní Las Cruces. Ṣùgbọ́n ní ìlà-oòrùn ìlú náà ni àwọn Organ Mountains dìde sí, òkè abi-góńgó-lórí, àpáta tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń kùn ní osùn tí òru ń rẹ láró, tí orí èyí tí ó ga jù nínú wọn sún mọ́ 9,000 ẹsẹ̀ bàtà, tí àwọn góńgó rẹ̀ sì tò gbọọrọ gbọọrọ bí ọ̀pá fèrè dùrù inú ilé ìsìn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní organ, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní orúkọ tí ó ń jẹ́. Lápá kejì òkè náà ni iyanrìn funfun báláú ti White Sands wà, tí Ààrẹ Hoover ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1933.

Ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú ni àwọn òkè oníná àtijọ́ tí a ń pè ní Potrillo wà, ìtòsí wọn sì ni Kilbourne Hole, ihò ràgàjì kan tí ó fẹ̀ ju máìlì kan lọ, tí ó là nígbà tí iná abẹ́ ilẹ̀ pàdé omi abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì sì bú gbàù. Bí ènìyàn bá fọ́ àwọn òkúta dúdú tí ìbúgbàù náà tú síta, yóò bá wóróka òkúta tí ó ní àwọ̀ ewé, tí ó ń dán gbinrin, nínú wọn. Láti abẹ́ èèpo ayé, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ni wọ́n ti bá iná náà gòkè wá. Níbẹ̀ ni NASA ti kọ́ àwọn tí wọ́n ń lọ sí òṣùpá nínú ètò Apollo bí a ti í ka òkúta. Nínú ihò Aden, tí kò jìnnà síbẹ̀, ni wọ́n ti rí egungun ẹranko ńlá kan tí ìran rẹ̀ ti run láyé, tí awọ àti iṣan ṣì wà lára rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ tí kò ní ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí nǹkan tètè jẹrà. Àwòrán tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ sára àpáta wà káàkiri, bẹ́ẹ̀ sì ni àmì róbótó róbótó tí àwọn awakọ̀ òfuurufú fi kọ́ bí a ti í ju bọ́ǹbù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Ohun tí ó pa awọ ẹranko inú ihò Aden mọ́ náà ni ó ń mú kí ọgbẹ́ aṣálẹ̀ pẹ́ kí ó tó jinná. Ní aṣálẹ̀ California, níbi tí ọ̀gágun Patton ti kọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní ọdún 1942, ipa ọkọ̀ ogun ṣì hàn lórí ilẹ̀ ní àwọn ibì kan títí di òní. Igbó tí a bá ṣán nílẹ̀ olójò lè hù padà kí ọmọ tó dàgbà; ilẹ̀ tí a bá tú ní aṣálẹ̀ lè má bò kí arúgbó tó kú. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń jiyàn lórí ilẹ̀ yìí fi ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìgbóná ọkàn, nítorí pé àṣìṣe kan lè di ti ìran mẹ́ta.

Àwọn Tí Ó Ní Kí Ààrẹ Fọwọ́ Sí I

Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní gbójú lé òfin kúkúrú kan tí Ààrẹ Theodore Roosevelt fọwọ́ sí ní ọdún 1906, tí a ń pè ní Antiquities Act. Òfin náà fún Ààrẹ láṣẹ láti fi ìkéde lásán ya ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ìtàn tàbí nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ́tọ̀ lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, bí ó bá ti lè jẹ́ pé ìwọ̀n ilẹ̀ tí ó kéré jù tí ìtọ́jú ohun náà gbà ni ó mú. Kò pẹ́ tí Roosevelt fúnra rẹ̀ fi fi hàn pé ohun kékeré lè gbà ju ohun tí ojú rí lọ: ní ọdún 1908 ó ya ju 800,000 éékà sọ́tọ̀ ní Grand Canyon, nígbà tí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ọdún 1920, ìjọba ni ó jàre. Ọ̀nà yìí náà ni Death Valley gbà wọlé ní ọdún 1933 àti Joshua Tree ní ọdún 1936, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó fẹ́ wa kùsà kò dákẹ́.

Agbára èrò yìí wà nínú ìyára rẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, Ilé Aṣòfin a sì máa sùn lórí àbá fún ọdún mẹ́wàá kí ó tó jí. Ẹ̀rí mìíràn tí ẹgbẹ́ yìí ń mú jáde lágbára púpọ̀, n kò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ní Devils Hole, ní ìpínlẹ̀ Nevada, ẹja kan wà tí kò gùn tó íǹṣì kan àbọ̀, tí kò sì sí níbòmíràn láyé àfi nínú adágún kan ṣoṣo nínú àpáta. Nígbà tí ẹ̀rọ àwọn olóko ìtòsí ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ tí omi adágún náà sì ń lọ sílẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ní ọdún 1976 pé ìkéde tí ó ya ihò náà sọ́tọ̀ mú omi tí ẹja náà nílò dání pẹ̀lú. Ní aṣálẹ̀, ẹni tí ó gba ilẹ̀ tí kò gba omi kò gba nǹkan kan. Ìdájọ́ yẹn fi hàn pé ìkéde Ààrẹ lè gba méjèèjì.

Àìlera rẹ̀ kò fara sin. Ohun tí ọwọ́ kan kọ, ọwọ́ mìíràn lè gbìyànjú láti pa á rẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Ààrẹ Donald Trump gé ilẹ̀ ìyàsọ́tọ̀ Bears Ears ní ìpínlẹ̀ Utah kù ní nǹkan bí ìdá márùnlélọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì gé Grand Staircase-Escalante kù ní nǹkan bí ìdajì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Ààrẹ Joe Biden dá méjèèjì padà sí ààyè wọn. Organ Mountains wà lára àwọn ilẹ̀ ìyàsọ́tọ̀ 27 tí Trump ní kí wọ́n yẹ̀ wò ní ọdún 2017 náà; ààlà rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn amòfin sì ń bi ara wọn bóyá ìdajì mílíọ̀nù éékà ni òfin ọdún 1906 ní lọ́kàn nígbà tí ó sọ pé kí ilẹ̀ náà kéré jù. Adájọ́ Àgbà John Roberts fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 2021, nínú ọ̀rọ̀ agbègbè orí òkun kan, pé gbólóhùn yìí yẹ ní àyẹ̀wò.

Àwọn Tí Ó Ní Ilé Aṣòfin Ni Kí Ó Ṣe É

Ẹgbẹ́ kejì kò kórìíra ìdáàbòbò. Ọ̀nà tí a gbé e gbà ni wọ́n ń bá jà. Lójú wọn, ilẹ̀ tí ó tóbi tó báyìí jẹ́ ohun tí ó yẹ kí àwọn aṣojú gbogbo ìlú jókòó lé lórí, kí olùsìn màlúù àti ọdẹ àti agbóyè-jáde yunifásítì sọ tẹnu wọn, kí a tó fi òfin dè é. Sẹ́nátọ̀ Jeff Bingaman ti gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ wá fún àwọn òkè wọ̀nyí láti ọdún 2009. Nígbà tí ó yá, aṣojú-ṣòfin Steve Pearce gbé tirẹ̀ wá, èyí tí ó mú nǹkan bí 55,000 éékà péré, ní Organ Mountains nìkan, tí ó sì fi àwọn òkè yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Kò sí èyí tí ó tètè di òfin nínú àwọn méjèèjì, nítorí náà ni Ààrẹ ṣe mú kálàmù.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀ o. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 2019, òfin ńlá kan tí wọ́n fi orúkọ aṣòfin John Dingell sọ ya nǹkan bí 241,000 éékà nínú ilẹ̀ ìkéde náà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ijù àìfọwọ́kàn mẹ́wàá, lábẹ́ òfin ọdún 1964 tí kò gba ọ̀nà ọkọ̀, ẹ̀rọ tàbí ilé láàyè nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ààrẹ kan náà tí ó pàṣẹ àyẹ̀wò ọdún 2017 ni ó fọwọ́ sí i. Èyí wú mi lórí ju gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn yìí lọ, nítorí ó fi hàn pé ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì lè pàdé lórí òkè kan náà bí a bá fún wọn ní àkókò.

Ohun tí Ilé Aṣòfin bá so, Ilé Aṣòfin nìkan ni ó lè tú u: agbára ẹgbẹ́ kejì nìyẹn, ó sì pọ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé láàárín ọdún 2009 àti ọdún 2019, bí kò bá sí ìkéde, díẹ̀ ni ohun tí ì bá dènà títú ilẹ̀ náà fún kùsà tàbí títà á. Bákan náà, ìdajì ilẹ̀ náà péré ni òfin tuntun dé, ìyókù ṣì rọ̀ mọ́ ìkéde tí ọwọ́ Ààrẹ kan kọ. Àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè pàápàá kò dunnú sí òfin ijù, nítorí pé kẹ̀kẹ́ wà lára ohun tí ó lé jáde. Èrò tèmi ni pé ìkéde àti òfin kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ní Las Cruces, ọ̀kan ṣọ́ ilẹ̀ títí èkejì fi dé.

Àwọn Tí Ó Ní Kí A Máa Lò Ó Lóríṣiríṣi

Kí ìkéde tó dé, ilẹ̀ yìí ti wà lọ́wọ́ Bureau of Land Management, àjọ tí ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, ó sì ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Òfin ọdún 1976 ni ó pàṣẹ fún àjọ náà pé kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ wúlò fún ìjẹko, ìwakùsà, ọdẹ, eré ìtura àti ìtọ́jú ẹranko, láìjẹ́ kí ọ̀kan pa èkejì. Ẹgbẹ́ kẹta sọ pé èyí ti tó. Àwọn olùsìn màlúù ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí ìdílé wọn ti ń san owó ìjẹko lórí ilẹ̀ ìjọba láti ìgbà òfin Taylor ti ọdún 1934, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mọ ojú omi kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀.

Ìkéde ọdún 2014 kò lé wọn. Ó ní kí ìwé ìjẹko tí ó wà nílẹ̀ máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù wà nínú ohun tí ìkéde kò kọ: ta ni yóò fún wọn láyè láti tún ọ̀pá omi ṣe bí ó bá bẹ́ ní ibi tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dé mọ́, àti pé ṣé òfin kékeré lẹ́yìn òfin kékeré kò ní sọ ìwé ìjẹko di bébà lásán lẹ́yìn ogún ọdún? Àwọn agbófinró kan ní agbègbè náà sọ tiwọn pẹ̀lú, wọ́n ní ilẹ̀ tí ọkọ̀ kò lè wọ̀ nítòsí ààlà Mẹ́síkò lè di ibùba oníṣẹ́ ibi.

A kò lè da ọ̀rọ̀ wọn nù. Ojú omi tí olùsìn màlúù gbẹ́ ni àgbọ̀nrín náà ń mu, ibi tí kò sì sí ẹni tí ń rìn yípo rẹ̀, ìbàjẹ́ ibẹ̀ lè pẹ́ kí a tó mọ̀. Síbẹ̀, màlúù ní aṣálẹ̀ kì í jìnnà sí omi, a máa tẹ bèbè odò kéékèèké mọ́lẹ̀, a sì máa jẹ irúgbìn tí ó ń hù níbẹ̀ nìkan. Irú ibi bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni òdòdó tí kò sí ní òkè mìíràn ti ń wá ẹ̀mí rẹ̀. Ní ti kùsà, àwọn baba ìṣáájú ti wa òjé, fàdákà àti bàbà ní Organ láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ihò wọn sì ṣì yanu sílẹ̀ lára òkè. Ẹni tí ó bá ní kí a máa lo ilẹ̀ lóríṣiríṣi gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí yóò dí ihò nígbà tí oníkùsà bá lọ, nítorí pé ìtàn kò fi hàn pé oníkùsà ni.

Àwọn Tí Ó Ní Kí Ilẹ̀ Padà Sọ́wọ́ Ìpínlẹ̀

Ẹgbẹ́ kẹrin gbé ọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò: wọ́n ní kí ni ìjọba tí ó jókòó sí Washington mọ̀ nípa ìgbà tí òjò ń rọ̀ ní Doña Ana, àgbègbè tí Las Cruces wà? Ìpínlẹ̀ Utah gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ọdún 2024 nítorí 18.5 mílíọ̀nù éékà ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ kọ̀ láti gbọ́ ọ. Ní àárín ọdún náà, àbá kan dé iwájú Ilé Aṣòfin láti ta mílíọ̀nù éékà mélòó kan nínú ilẹ̀ ìjọba ní ìpínlẹ̀ mọ́kànlá, New Mexico sì wà lára wọn. Ariwo tí ó sọ, tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì jọ pa, ni ó mú kí wọ́n gbé e kúrò.

Ẹ̀rí tí ó dára jù fún ẹgbẹ́ yìí ni ilé ẹ̀kọ́. Láti ọdún 1898 ni ìjọba àpapọ̀ ti fún New Mexico ní abala ilẹ̀ káàkiri, kí owó tí ó bá ń ti orí rẹ̀ wọlé lè máa bọ́ ilé ìwé àwọn ọmọ, àwọn abala bẹ́ẹ̀ sì wà láàárín ilẹ̀ ìkéde náà. Bí a bá yí wọn ká pẹ̀lú ilẹ̀ tí kò gba iṣẹ́, owó ọmọ ilé ìwé lè dín kù. Ṣùgbọ́n èyí náà ni ó fi ewu inú èrò yìí hàn, nítorí pé ilẹ̀ tí ìpínlẹ̀ gbà láti fi wá owó, owó ni yóò máa fi í wá. Bí ọdún bá sì le, títà ni ó yá jù. Iná igbó tí ó ń jó òkè pẹ̀lú kò mọ ìpínlẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́.

Àwọn Ọmọ Onílẹ̀

Gbogbo ohun tí a ti sọ látòkè wá jẹ́ ìjà láàárín àwọn tí wọ́n dé lẹ́yìn. Kí Sípéènì tó dé, kí Mẹ́síkò tó jẹ́ orílẹ̀-èdè, kí Amẹ́ríkà tó gba ibẹ̀, àwọn Apache ti ń gun àwọn òkè wọ̀nyí, àwọn baba ńlá Piro-Manso-Tiwa sì ti ń gbé àfonífojì Rio Grande; lẹ́yìn tí Sípéènì dé ni àwọn ará Ysleta del Sur wá tẹ̀dó sí ìtòsí. Fún wọn, òkè jẹ́ ibi àdúrà, ibi ewé àti egbò, ibi tí a sin àwọn baba sí.

Ìtàn Death Valley kọ́ wa ní ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá gbàgbé wọn. Nígbà tí wọ́n ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ ní ọdún 1933, àwọn Timbisha Shoshone ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n di ẹni tí a ń fún láyè lórí ilẹ̀ baba wọn, ó sì di ọdún 2000 kí òfin tó dá ju 7,000 éékà padà fún wọn. Ìdáàbòbò tí ó lé onílé jáde kí àlejò lè ya fọ́tò, ó ní àbùkù tí ẹwà ilẹ̀ kò lè bò.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀nà mìíràn ṣí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba bá ẹ̀yà márùn-ún tọwọ́ bọ ìwé láti jọ máa ṣàkóso Bears Ears. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Avi Kwa Ame ní Nevada, òkè tí àwọn Mojave àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí ń sọ èdè ìdílé Yuma gbà pé ibẹ̀ ni àwọn ti ṣẹ̀ wá, di ilẹ̀ ìyàsọ́tọ̀ tí ó ju 500,000 éékà lọ. Àwọn tí ń gbè sẹ́yìn ọ̀nà yìí sọ pé ẹni tí ó mọ ìtàn òkè ni ó mọ bí a ti í ṣọ́ ọ, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ibi tí ó kù sí ni pé ìbáṣepọ̀ inú ìwé kì í ṣe ilẹ̀ dídá padà: ìjọba ni ó ṣì ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ìwé náà sì lè tẹ̀lé ìkéde lọ bí ìkéde bá lọ. Ibi tí ẹ̀yà méjì tàbí mẹ́ta bá ti pe òkè kan náà ní tiwọn, bí ó ti rí ní Organ, èwo ni yóò jókòó sórí àga, ta sì ni yóò yàn án?

Iná Oòrùn

Ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ará ọdún 1906 kò lè ronú kàn ti dé sáàárín báyìí. Aṣálẹ̀ tí oòrùn rẹ̀ kì í sinmi ni ó dára jù fún sólà, ayé sì ń wá iná tí kò ní èéfín. Iléeṣẹ́ iná Ivanpah ní California, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2014, ní láti kó àwọn ìjàpá aṣálẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ń gbé kí wọ́n tó gbé dígí kalẹ̀. Àwọn kan ní kíkọ̀ sólà nítorí ìjàpá jẹ́ kíkọ̀ oògùn nítorí kíkorò rẹ̀, nítorí pé ooru tí ń pọ̀ sí i yóò pa ìjàpá náà bákan náà. Àwọn yòókù ní ilẹ̀ tí a ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, orí ilé àti ibùdókọ̀ pọ̀ tó láti gba sólà. Chuckwalla, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní California ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, gbìyànjú láti là á ní àárín: wọ́n fa ààlà rẹ̀ kí ó má bá ilẹ̀ tí ìjọba ti pín fún iná oòrùn jà. Ní ti Organ, òkè rẹ̀ dagun jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò dagun.

Ìwé àti Ìṣọ́

Èrò ìkẹyìn kò bìkítà nípa ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé. Ó ń bèèrè ẹni tí ó wà lórí òkè. Ní orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò Nàìjíríà níhà àríwá, ìjọba ya 7.7 mílíọ̀nù hẹ́kítà sọ́tọ̀ ní ọdún 1988 ní àwọn òkè Aïr àti iyanrìn Ténéré, wọ́n sì fi ààyè pàtàkì kan sí i fún addax, ẹranko funfun oníwo lílọ́ tí ó lè pẹ́ gan-an láìmu omi. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 1991. Nígbà tí ó di ọdún 1992, ogun láàárín ìjọba àti àwọn Tuareg ti dé, wọ́n ti kó àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ nígbèkùn, a sì ti gbé orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún tí ó wà nínú ewu. Ìwé tí ó yà á sọ́tọ̀ kò yí padà. Ẹni tí ń ṣọ́ ibẹ̀ ni kò sí mọ́.

Amẹ́ríkà kò sí nínú irú ogun bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ṣọ́ ilẹ̀ tí ó gbòòrò tó báyìí kò pọ̀, ìkéde Ààrẹ kì í sì í mú owó dání. Castner Range, lẹ́bàá El Paso, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní ọdún 2023, ṣì ní ohun ìjà tí kò bú nínú ilẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí ológun fi í ṣe ibi ìdánrawò; a ti dáàbò bò ó nínú ìwé, ẹsẹ̀ ará ìlú kò sì tíì lè tẹ̀ ẹ́ fàlàlà. Àwọn tí ó di èrò yìí mú kò ní ìdáhùn fún ìbéèrè ẹni tí ó yẹ kí ó ní àṣẹ, àìpé wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ kan nínú àwọn márùn-ún ìṣáájú tí ó lè ṣe láìsí wọn.

Ohun Tí Kò Tíì Yanjú

Ìbéèrè tí ó ga jù kò tíì ní ìdáhùn nílé ẹjọ́: ǹjẹ́ Ààrẹ lè gé ohun tí Ààrẹ ìṣáájú yà sọ́tọ̀ kù, tàbí kí ó pa á rẹ́ pátápátá? Ní ọdún 1938, Agbẹjọ́rò Àgbà Homer Cummings kọ ọ́ pé Ààrẹ kò ní àṣẹ láti pa á rẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ kọ òdìkejì rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kò tíì dá a rí, títí yóò fi dá a sì ni nǹkan bí 250,000 éékà ní Organ Mountains–Desert Peaks, èyí tí òfin ọdún 2019 kò dé, yóò fi rọ̀ sórí okùn.

Kò tíì yé ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ bí ìwọ̀n tí ó kéré jù ti tó, nígbà tí ohun tí a ń dáàbò bò bá jẹ́ òkè, ojú omi àti ẹranko tí ń rìn láàárín wọn. Kò tíì yé wa bí ìṣọ́ ààlà yóò ti bá ìṣọ́ ilẹ̀ gbé, nísinsìnyí tí iléeṣẹ́ ilẹ̀ ti fi ju 109,000 éékà lẹ́bàá ààlà New Mexico lé ológun lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́ta láti oṣù Kẹrin ọdún 2025. Omi abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ìsun òkè náà gbára lé kò mọ ààlà tí a fà sórí ilẹ̀, ìlú tí ń fà á sì ń dàgbà. Bóyá ìdájọ́ Devils Hole yóò dé ibẹ̀, kò sí ẹni tí ó tíì dán an wò. Àwọn Apache, Piro-Manso-Tiwa àti Ysleta del Sur pẹ̀lú kò tíì ní irú ìwé àjọṣàkóso tí Bears Ears ní.